Ọmọ tó ń dúró de oògùn aràn, kí ló ń ṣàkóso?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó kọ̀wé lánàá pé àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìdàgbàsókè àti ẹ̀kọ́ gíga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọ́n pe aid ní ìrànlọ́wọ́, evaluation ní ìgbéléwọ̀n, impact ní ipa, control group ní ẹgbẹ́ ìṣàkóso. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní nǹkan í sọ tètè sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí ìwé máa wọ ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó la ẹnu, torí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo gbà láìjanpata.

Ìyẹn ni ìgbéléwọ̀n. Olùkọ́ tó bá ti kọ nóòtì ẹ̀kọ́ rí mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ nóòtì ló máa ń wà. A gbé nǹkan lé ìwọ̀n, a wo bó ṣe tó. Ó parí.

Ẹgbẹ́ ìṣàkóso, ìyẹn àwọn tí a kò tíì fún ní ohun tí à ń dán wò, ló mú mi dìde lórí àga. Ẹ wo iṣẹ́ tí Edward Miguel àti Michael Kremer, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣe ní Busia ní Kẹ́ńyà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 75 ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba oògùn aràn ní 1998, àwọn kejì ní 1999, àwọn ẹ̀kẹta dúró títí di 2001. Àwọn tó ń dúró ni wọ́n fi wé àwọn tó ti gbà, wọ́n sì rí i pé pípa ilé ẹ̀kọ́ jẹ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá wọn jà lórí ìṣirò yẹn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwádìí ọ̀hún ti di àmúlò káàkiri. Kremer, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ètò ọrọ̀ ajé nítorí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ó dáa. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú aràn nínú, tó ń retí kó kan òun, kí ló ń ṣàkóso? Gómìnà ní ń ṣàkóso. Ọmọ yẹn ò ṣàkóso ikùn ara rẹ̀ pàápàá.

Ẹnìkan dá a lábàá pé ká pè é ní ẹgbẹ́ àfiwé. Ó sàn jù. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi wé? Mo lè fi ọmọ mi wé ọmọ aládùúgbò, kò ní kí n mọ ohun tí oògùn ṣe. Ohun tí ẹgbẹ́ yẹn wà fún ni pé kí a rí bí nǹkan ìbá ti rí ká ní oògùn ò dé. Ìbá yẹn gan-an ni mo ń wá, ipa tí wọ́n fi túmọ̀ impact ò sì gbé e. Èéfín nípa lórí aṣọ. Ọ̀rẹ́ burúkú nípa lórí ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́gbọ́n. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún àwọn kan tó ń wádìí owó tí àwọn ará òkè òkun ń san lórí ọmọ yunifásítì. Mo tẹ̀ lé wọn dé Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta gàrí, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó rí owó náà gbà. Mo ka ohun tí èmi fúnra mi kọ: "Màmá, ipa wo ni ìrànlọ́wọ́ yìí ní lórí ìdílé yín?" Màmá wo ilẹ̀ díẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an o. Olúwa á bá wa san án. Àpò yín ò ní í gbẹ." Ẹni tó mú bírò dání kọ ọ́ sílẹ̀ pé ipa rere ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ta ló fẹ́ di ọlọ́ṣà níwájú àlejò?

Mo pa fọ́ọ̀mù dé. "Màmá, ká ní owó yẹn ò wá ńkọ́, kí lẹ̀ bá ṣe?"

Wọ́n fi kóńgò sílẹ̀ sínú gàrí. "Ǹ bá ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ tó wà lọ́nà Ọ̀dà. Ọmọ yẹn á lọ síléèwé náà ni."

"Ilẹ̀ ọ̀hún wà síbẹ̀?"

"Ó wà. Mo gbin ẹ̀gẹ́ sí i."

Ìròyìn tí wọ́n kọ ní owó náà ló mú ọmọ wọ yunifásítì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí owó náà ṣe ni ilẹ̀ kan lọ́nà Ọ̀dà tí a kò tà.

Ìdí nìyí tí mo fi dá àbárí lábàá: à bá rí, ohun tí à bá rí ká ní a ò ṣe nǹkan kan. Ẹ má sọ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí lédè wa. Kí ni àbámọ̀? À bá mọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò tíì gba oògùn, ẹgbẹ́ àbárí. Mo gbé ìbáṣe yẹ̀ wò, àjọṣe ló ń dún létí. Àbájẹ́ sì sún mọ́ ìbàjẹ́ jù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní àbárí náà sún mọ́ àbàrí àgbàdo. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kó má baà di oúnjẹ.

Ìrànlọ́wọ́ ló kù, òun ló sì ṣòro jù. Nínú ìṣirò OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó, owó tí Jámánì tàbí Faransé ná lórí ọmọ ilẹ̀ wa tó ń kàwé ní yunifásítì tiwọn wà lára ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti ná an. Ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ rọjú náà ń wọ ibẹ̀. Láti orí ìṣirò 2018, kìkì apá tó jọ ẹ̀bùn nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Tẹ́lẹ̀, tí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti jọ ẹ̀bùn, odindi rẹ̀ ló ń wọlé. Ta ló ń dúpẹ́ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ní gbèsè? Mo sì ń gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, "ràn wá lọ́wọ́" bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé tó kọ́ sáwọn yunifásítì wa. Owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ni! Ẹ jẹ́ ká ya ẹ̀bùn, ẹ̀yáwó ẹ̀dínwó àti owó ara wa sọ́tọ̀ nínú àkójọ náà, tó bá tiẹ̀ máa gba ojú ewé kan sí i.

Ẹ̀gbọ́n, tí àbárí ò bá wù yín, ẹ jù ú nù, mi ò ní í bínú. Ẹ ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ìṣàkóso yẹn wọ ilé ìtẹ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì.

Àbúrò yín, Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́.