Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bàbá tó dúró kí mi pẹ̀lẹ́ ló gbá mọ́tò mi

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi, tórí láti ọjọ́rú ló ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mi ò sì lè bá ẹnì kankan sọ ọ́ ládùúgbò.

Ìju níbí ni mò ń gbé. Small chops ni mò ń ṣe, Corolla 2006 aláwọ̀ búlúù kan ni mo fi ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn kọ́sítọ́mà, òun ló ń bọ́ mi. Ọgbà ilé wa ò gbà ju mọ́tò méjì lọ, ti lánlọ́ọ̀dù ni ọ̀kan, ti àwọn tó wà lókè ni ìkejì, ìta ni tèmi máa ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo sì máa ń fà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ dáadáa kí ẹni tó bá ń kọjá lè ráyè kọjá.

Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó lọ, aago mẹ́fà àárọ̀, mo gbé kúlà méjì jáde, àfi bí mo ṣe rí i pé iná iwájú ọwọ́ òsì ti fọ́ yángá, bọ́ḿpà ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ń wọ́ nílẹ̀, fẹ́ńdà ti wọnú, pẹ́ǹtì funfun wá wà lára ẹ̀ bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Kò sí ìwé, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sẹ́ni tó kan géètì. Kẹ́místì tó dojú kọ wá ní kámẹ́rà, mo sáré débẹ̀, ó ní láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé ni NEPA ti mú iná, pé ínfátà òun ò gbé kámẹ́rà. Mo kàn jókòó sórí kúlà ni.

Níbi tí mo ti ń gbá gíláàsì ni mo ti rí ègé ike kan, aláwọ̀ ọsàn, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ti tiráfíkétọ̀ ni. Funfun sì ni tiráfíkétọ̀ tèmi. Mo wé e sínú nylon mo fi sínú pọ́ọ̀sì.

Ìgbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni alága àdúgbò wa yà sọ́dọ̀ mi. Bàbá yìí dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá o! Wọ́n yí mọ́tò ká, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní "ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, ayé ti bàjẹ́, àwọn ọmọ Yahoo tó ń sáré lóru ni", wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ géètì tí àwọn ti ń sọ látijọ́ nìyẹn, pé ká dá owó géètì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tún fún wọn ní puff-puff.

Ọjọ́rú, mo lọ san owó síkọ́ríìtì nílé wọn. Wọ́n fi tapólì bo jíìpù wọn. Atẹ́gùn wá gbé etí tapólì sókè, mo rí bọ́ḿpà iwájú lọ́wọ́ òsì, pẹ́ǹtì búlúù tèmi rèé, tiráfíkétọ̀ wá ní ihò níbi kan. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mo gba rìsíìtì mo lọ. Nígbà tí mo tẹ mégáàdì wa nínú lálẹ́ ọjọ́ náà ló tó jẹ́wọ́ pé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ Sátidé, bàbá fúnra wọn ló wà á, òun gbọ́ "gbàà", wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n pa iná, wọ́n rọra lọ. Ó ní kí n má dárúkọ òun o, pé bàbá ló ń sanwó fóun.

Ibi tó wá ti ń dùn mí nìyí. Jíìpù yẹn kan náà ni bàbá yìí fi gbé mi lọ sọ́sípítù ní aago méjì òru nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ mi kejì, ọkọ mi ò sí nílé, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mẹkáníìkì ti pe ₦185,000. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣé kí n fi sílẹ̀ lóòótọ́? Tí mi ò bá ní fi í sílẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?

Ìyá Ìbejì
Ẹ gbé e sórí Facebook jàre! Ẹ ya jíìpù, ẹ ya nọ́ńbà, ẹ kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà. Kí wọ́n jẹ puff-puff ẹni tí wọ́n gbá mọ́tò ẹ̀, ọkàn wo nìyẹn? Ojú ò tì wọ́n.

Ọmọ Àgége
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé e síta, ọ̀rọ̀ ò ní jẹ́ ti bọ́ḿpà mọ́, á di "ta ló ń ba alága lórúkọ jẹ́". Gbogbo àdúgbò á gbàgbé iná iwájú yín.

Mẹkáníìkì Ọ̀gbà
Ẹ kú ìrọ́jú màmá. Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe, ẹ kọ́kọ́ ya fótò: ìta gbangba kí mọ́tò àti gọ́tà jọ hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ ibi tí pẹ́ǹtì funfun wà, lẹ́yìn náà ègé ike yẹn lórí tábìlì. Ẹ lo rúlà wọn ibi tó ti wọnú láti ilẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó bá gíga bọ́ḿpà jíìpù mu, ìyẹn máa ń já irọ́ ju ẹ̀rí ẹnu lọ.

₦185k yẹn, ẹ ní kí ó pín in fún yín. Eélòó ni iná, eélòó ni bọ́ḿpà, eélòó ni iṣẹ́ pánẹ́bítà àti pẹ́ńtà. Tí bọ́ḿpà ò bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n lè fi iná rán an, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra tòkúnbọ̀. Iná iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ lọ wá ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín bá yín lọ, ẹ má dá lọ nítorí tí wọ́n bá ti rí obìnrin tó ń wo Corolla tìyanutìyanu, owó ti lé nìyẹn.

Ẹni Ìnṣọ́ránsì
Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí gbogbo yín ò sọ. Iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni mò ń ṣe, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ wa. Bàbá yẹn ò nílò kó fi àpò ara ẹ̀ san kọ́bọ̀. Ìnṣọ́ránsì mọ́tò tí wọ́n ń pè ní third party tí gbogbo wa ń rà, tí àwọn èèyàn rò pé torí ọlọ́pàá ojú títì ni, irú ọjọ́ yìí gan-an ló wà fún. Láti January 2023 ni owó ẹ̀ ti kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000 fún mọ́tò ilé, wọ́n sì gbé iye tí ilé iṣẹ́ lè san fún nǹkan ẹlòmíì tí mọ́tò yẹn bá bà jẹ́ dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. ₦185k nínú mílíọ̀nù mẹ́ta, kí lẹ fẹ́ máa jà sí?

Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé bàbá ló máa jẹ́wọ́. Ẹni tó ni ìnṣọ́ránsì ló máa kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ẹ̀ pé òun gbá mọ́tò lágbájá, ẹ̀yin á fi fótò àti iye tí mẹkáníìkì pè sí i, wọ́n sì lè ní kí ẹ gba ìwé lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á rán ẹni wá wo mọ́tò. Third party ò ní tún jíìpù tiwọn ṣe o, ti ẹni tí wọ́n gbá nìkan ni. Àwọn tó ń sá lọ lóru yìí, owó tí wọ́n ti san sílẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Káyọ̀dé Kò Gbàgbọ́
Ẹ̀gbọ́n ẹ rọra. Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà wo? Ìwé tí wọ́n tẹ̀ lábẹ́ bíríìjì ni gbogbo wa ń gbé kiri.

Ẹni Ìnṣọ́ránsì
Káyọ̀dé, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ayédèrú pọ̀. Àmọ́ ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù: ẹ tẹ *565*11#, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò sí i, tí kò bá sí lórí ẹ̀, ayédèrú ni. Kí màmá fi nọ́ńbà jíìpù wò ó kí wọ́n tó lọ bá bàbá. Látìgbà tí ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò ní February 1, 2025 ni àwọn èèyàn ti ń rọra ra ojúlówó.

Mo Jẹ́wọ́
Mi ò ní lo orúkọ mi. Èmi náà ti ṣe é rí. Níbi ìgbéyàwó kan ní Ìkẹjà, mo ń fi ẹ̀yìn jáde, mo gbọ́ "kíkà", mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí ilẹ̀kùn mọ́tò tuntun kan tó ti tẹ̀. Mo wo ọ̀tún mo wo òsì. Àtikọ ìwé ni mo kọ́kọ́ rò, mo tiẹ̀ ti mú báírò, mo wá rántí pé ₦7,000 ló wà lákáǹtì mi tí owó oṣù ṣì jìnnà, ẹsẹ̀ mi ti tẹ tọ́tù kí n tó mọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, mo ṣì máa ń gba ọ̀nà míì tí mo bá fẹ́ kọjá níbẹ̀. Màmá, ẹ má rò pé bàbá ń sùn dáadáa. Ẹni tó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tó gbá, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu ẹ̀ tí kò lè sọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin wá dáa bí? Ẹ lọ san owó ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni kẹ́ ẹ tó wá máa gba èèyàn nímọ̀ràn.

Àdúnní Peckham
Ẹ jẹ́ n fi ti ibí kún un. Ní ìlú ọba níbí, òfin ojú títì ti 1988 ní kí ẹni tó bá gbá mọ́tò dúró kó fún ẹni tó ni ín lórúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì, tí kò bá rí i, kó lọ sọ fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, àìṣe bẹ́ẹ̀ lè fa póìǹtì márùn-ún sí mẹ́wàá sórí láísẹ́ǹsì, ó lè dẹ́wọ̀n pàápàá. Ẹ má wá rò pé àwọn òyìnbó ń jẹ́wọ́ o! Mo páàkì síwájú bùkátérìà kan ní Old Kent Road, ìgbà tí mo máa fi jẹ ẹ̀bà tán, díńgí mi ti ń fì dirodiro. Ará ilé ni gbogbo wa tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Lọ́yà Kékeré
Nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá lọ sí àgọ́, ẹ lọ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ẹ má ní kí ọlọ́pàá bá yín gba owó, Police Act 2020 ò fún wọn láyè láti mú èèyàn torí gbèsè tàbí aáwọ̀ àárín ẹni méjì tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ìkejì, tí bàbá bá sẹ́ kanlẹ̀, Citizens' Mediation Centre wà lábẹ́ ìjọba Èkó, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á kọ̀wé pe ẹ̀yin méjèèjì wọ́n á sì bá yín sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí mégáàdì jókòó síbi tó wà. Ègé ike yẹn tó.

Ìyá Àgbà Abúlé Ẹ̀gbá
Ọmọ mi, o káre tí o ò tíì pariwo. Má fi sílẹ̀ o, ọkọ ẹ ò ní fi small chops rìn. Wá ìyá kan tí bàbá ń bọ̀wọ̀ fún, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kó má jẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Kúnlẹ̀. Kọ́kọ́ dúpẹ́ alẹ́ ọjọ́ ọmọ yẹn, kí o dúpẹ́ ẹ̀ látọkàn wá o, kó má dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn. Má sọ pé "ẹ̀yin lẹ gbá mọ́tò mi". Sọ pé "bàbá, mo rí nǹkan kékeré kan nílẹ̀, mo ní kí n gbé e wá fún yín kẹ́ ẹ bá mi wò ó". Gbé e kalẹ̀. Kí o wá dákẹ́. Ibi dídákẹ́ yẹn ló le jù, ẹnu á máa yún ẹ, má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó rí ilẹ̀kùn tó máa gbà jáde.

Ẹni tó béèrè (ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀)
Ẹ kú àdúrótì o. Mo lọ lánàá, ìyá alákàrà wa ló bá mi lọ. Mo ti tẹ nọ́ńbà yẹn kí n tó lọ, ìnṣọ́ránsì wọn wà lórí ẹ̀, ojúlówó ni.

Mo ṣe bí Ìyá Àgbà ṣe ní kí n ṣe. Mo gbé ike yẹn sórí sẹ́ńtà tébù. Bàbá wò ó, wọ́n mú un, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Ìyá alákàrà fẹ́ la ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Àfi bí ìyàwó wọn ṣe ké láti kíṣìnì: "Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Ni bàbá bá bọ́ fìlà. Ojú ló ń ṣe wọ́n. Dókítà ti ní kí wọ́n má wakọ̀ lálẹ́ mọ́, àwọn ọmọ wọn ti gba kọ́kọ́rọ́ rí, wọ́n ní tí wọ́n bá tún gbọ́, àwọn máa ta jíìpù náà. Wọ́n ní àwọn ò rí mọ́tò mi rárá, pé òkùnkùn ni àwọn rí, àwọn kàn gbọ́ ìró ni. Wọ́n ní láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, àwọn fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n puff-puff tí mo fún wọn ló dí wọn lẹ́nu. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

A jọ jáde, wọ́n ká tapólì fúnra wọn, wọ́n fi ike yẹn sí ojú ihò, ó wọlé wẹ́kú.

Wọn ò fẹ́ kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì, tórí ọmọ wọn tó wà ní Canada ló ń san án, ímeèlì ẹ̀ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ẹni Ìnṣọ́ránsì ẹ má bínú, mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n fún mi ní ₦60,000, wọ́n ní àwọn á san ìyókù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìyàwó wọn buwọ́ lù ú. Àdéhùn tí mo fi kún un ni pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ màmá. Àwọn ọmọ wa ń ṣeré lójú títì yẹn.

Iná iwájú ti wọlé, wọ́n fi iná rán bọ́ḿpà bí Mẹkáníìkì Ọ̀gbà ṣe wí, ó kù sọ́wọ́ pẹ́ńtà. Mégáàdì ò tíì mọ̀ pé mi ò dárúkọ òun, tó bá ti rí mi báyìí, ó ti gba ẹ̀yìn ilé lọ.