Abbey Lincoln: níbo lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ̀, kí ló sì fi sílẹ̀ sí yín lára?

Olórin Èkó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orin jáàsì ni mò ń kọ, ọ̀tẹ́ẹ̀lì kan ní Island ni mo ti máa ń kọ ọ́ ní alẹ́ Friday, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀ torí orin, ẹja yíyan ni wọ́n wá jẹ. Mánijà ibẹ̀ ò bá ohùn mi jà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń sọ pé kí n rẹ́rìn-ín sí i, kí n wọ gáùn tó fún mọ́ra, orin táwọn èèyàn mọ̀ ni kí n máa kọ, kí n yéé kó "àwọn tìẹ yẹn" wá síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tó ń ta báàsì fún wa rí mi lọ́jọ́ kan tí mo fajú ro, ó bi mí bóyá mo mọ Abbey Lincoln, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń kọrin jáàsì, mo ní mo ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ lókèèrè. Ó ní kí n lọ ka ìtàn aṣọ ẹ̀ ná kí n tó gbọ́ orin ẹ̀.

Mo lọ kà á. Anna Marie Wooldridge ni wọ́n bí i ní Chicago ní 1930, ọmọ kẹwàá nínú ọmọ méjìlá, inú oko ní Michigan ló dàgbà sí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ní kílọ́ọ̀bù, wọ́n pè é ní Gaby Lee. Mánijà ẹ̀, Bob Russell, tóun náà máa ń kọ ọ̀rọ̀ orin, ló wá sọ ọ́ ní Abbey Lincoln, ó mú ìdajì lára Westminster Abbey, ó mú ìdajì tó kù lára Abraham Lincoln. Ẹ ò rí i pé orúkọ gan-an, àwọn kan ló jókòó rò ó fún un! Ní 1956 ó jáde nínú fíìmù The Girl Can't Help It, ó kọrin níbẹ̀, aṣọ tí wọ́n sì gbé wọ̀ ọ́ jẹ́ aṣọ tí Marilyn Monroe ti wọ̀ nínú fíìmù Gentlemen Prefer Blondes. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ aṣọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ orin. Nígbà tó yá, tó ti ń bá Max Roach onílù rìn, ó ju aṣọ yẹn síná. Ó jó o, kò tà á, kò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ohùn ẹ̀ ò yí padà tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn aṣọ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló yí padà. Orin obìnrin tí ọkọ ń fìyà jẹ tó ṣì ń rẹ́rìn-ín lé e ló pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fún un kọ tẹ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi ara ẹ̀ pé kí lèmi ń tìtorí ẹ̀ sọ eléyìí jáde lẹ́nu? Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Abbey Is Blue tó ṣe ní 1959, ẹ máa rí orin kan níbẹ̀, Let Up, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mú un o. Ẹ̀yin ńkọ́?

Onílù Ìbàdàn

Àǹtí, èmi kọ́ ni mo wá ohùn ẹ̀ lọ, ìlù ni mò ń wá, Max Roach ni mò ń tọpa. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní dírọ́ọ̀mù ló ní kí n lọ gbọ́ We Insist!, rẹ́kọ́ọ̀dù Max Roach tí Abbey ti kọrin, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní New York ní August àti September 1960, ẹ ka oṣù yẹn dáadáa, ó kù díẹ̀ káwa náà ta àsíá tiwa. Oscar Brown Jr. ló kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Orin tó ṣíwájú, Driva' Man, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń da ẹrú lóko ni, tó ń fi pàṣán lù wọ́n tó tún ń fipá bá obìnrin wọn sùn, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ka ìlù ẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin tá a mọ̀, ọ̀kan tó ṣíwájú nínú márùn-ún yẹn ló sì máa ń ró gbà! bí ìgbà tí pàṣán bá balẹ̀ sẹ́yìn èèyàn. Mo fi dánra wò títí ọwọ́ mi fi bó. Coleman Hawkins tó fọn sasofóònù níbẹ̀, àgbà ni lójú gbogbo wọn, fèrè ẹ̀ han gooro níbì kan nínú orin náà, wọ́n fẹ́ gé e kúrò, ó ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gé e, pé irú orin yìí tó bá ti lọ geere láìsí àbùkù, nǹkan ti bà jẹ́ níbẹ̀.

Èyí tó wà láàárín ńkọ́, Triptych, ìlù àti ohùn nìkan, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni ń gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó bú sí igbe, igbe ní tòótọ́ o, ó ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò dáwọ́ dúró, ìyàwó mi já wọ pálọ̀ pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́ pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, orin ni. Ó wò mí títí, ó ní irú orin wo nìyẹn. Èmi náà ò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Mo ń wakọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, mo dé orí All Africa nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, Abbey ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, Zulu, Ashanti, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan sì ń dá a lóhùn lábẹ́. Ẹ gbà mí o, Yorùbá ni baba ń sọ! Mo pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo dá a padà, mo tún un gbọ́. Babatunde Olatunji ni, onílù ọmọ ilẹ̀ wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìwé tó bá rẹ́kọ́ọ̀dù náà wá ṣàlàyé pé tó bá ti dárúkọ ẹ̀yà kan, Olatunji á fi ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yà yẹn máa ń sọ nípa òmìnira dá a lóhùn, Yorùbá ló sì fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ayé ìgbà yẹn fòfin de rẹ́kọ́ọ̀dù yìí, orin tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ ń dárò Sharpeville, níbi tí ọlọ́pàá ti pa èèyàn 69 ní March 1960.

Ọmọ Badagry

Kí ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ Àjìdò ni Olatunji o, ọ̀nà Badagry níbí, etí omi. Ẹ má sọ pé ọmọ Èkó kẹ́ ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Ní 1950 ló lọ sí Amẹ́ríkà, ó lọ ka ìwé ní Morehouse ní Atlanta, ìwé tó lọ kà dìlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ò mọ Abbey Lincoln rárá kí n tó rí ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, mo ti lọ gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lẹ́nu baba, orí mi wú.

Nọ́ọ̀sì Bronx

Mo fojú rí màmá náà. March 2002, ní Lincoln Center ní New York, Alice Tully Hall, wọ́n ṣe alẹ́ mẹ́ta gbáko fún kìkì orin tí òun fúnra ẹ̀ kọ, ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì torí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn, ká má parọ́, ọ̀fẹ́ ni mo wá lọ. Mo ti ń tòògbé torí iṣẹ́ òru ni mo ti bọ̀. Ó jáde pẹ̀lú fìlà dúdú lórí, kò sáré, kò ju ọwọ́, kò sọ pé ẹ pàtẹ́wọ́. Ó ti lé ní 70 ọdún nígbà yẹn, ohùn ti ń họ, ó máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, bíi pé ó ń wò ó bóyá òótọ́ ni kó tó gbé e jáde. Àgbàlagbà obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bá a sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, "hùn, hùn-ún," bó ṣe máa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oorun dá lójú mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé obìnrin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe mọ́ ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni 60 ọdún ni kí iléeṣẹ́ Verve tó gbé e jáde padà ní 1990. Ọdún tó tẹ̀ lé e òun àti Stan Getz tó ń fọn sasofóònù jọ ṣe You Gotta Pay the Band, Getz ti ń ṣàìsàn nígbà náà, jẹjẹrẹ, June ọdún yẹn ló kú. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fọn fèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀, mo ti tọ́jú aláìsàn irú ẹ̀ púpọ̀, mo sì mọ ohun tí mímí wọn máa ń gbà. Màmá náà kú ní August 2010, ọmọ 80 ọdún.

Ọ̀dọ́ Àkúrẹ́

Ẹ má bínú o ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lé mi. Mo ti gbọ́ ọ lórí YouTube lẹ́ẹ̀melòó kan, ohùn yẹn kì í sábà balẹ̀ síbi tó yẹ, á kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ella Fitzgerald ńkọ́, bí omi ni tiẹ̀ ń ṣàn. Ṣé kì í ṣe torí òṣèlú inú orin ẹ̀ lẹ ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀ báyìí?

Olórin Èkó

Àbúrò, kò sẹ́ni tó máa lé ẹ. Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní 1961 tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Straight Ahead, Ira Gitler bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn DownBeat, ohun tó sì sọ gan-an ni pé ó ti sọ jíjẹ́ èèyàn dúdú di iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn di wàhálà débi pé ní 1962 wọ́n pe àwọn méjèèjì àtàwọn mìíràn jókòó sídìí tábìlì kan láti jiyàn lé e, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. February 1961 náà lòun àti Maya Angelou wà lára àwọn tó lọ pariwo ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé torí ikú Lumumba, olórí ìjọba Congo tẹ́lẹ̀ tí wọ́n pa, nítorí náà ọ̀rọ̀ òṣèlú tó o sọ yẹn, kò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn títí di 1973 kò tún rí rẹ́kọ́ọ̀dù tiẹ̀ ṣe, Japan ló sì ti rí èyí tó tẹ̀ lé e ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé gẹ̀gẹ̀ kì í jókòó sílé fún ọdún 12.

Ní ti pé ohùn ò balẹ̀, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, mo gbà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń tún ohùn ṣe á bínú sí i. Ṣùgbọ́n nínú Straight Ahead yẹn kan náà ló ti kọ ọ̀rọ̀ sí Blue Monk, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, Thelonious Monk tó ni orin náà fọwọ́ sí i, ó wá sí sítúdíò fúnra ẹ̀, ohun tó sọ sí i létí ni pé kó má jẹ́ kó péye jù. Màmá yìí sọ pé ó pẹ́ kóun tó mọ ohun tó ń bá òun sọ. Èmi rò pé mo mọ̀ ọ́n, torí lọ́jọ́ tí mo bá fara balẹ̀ kọ ohùn gígún, ńṣe làwọn tó ń jẹ ẹja máa ń béèrè ata sí i.

Ará Peckham

Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń kọrin! Òṣèré ni mo mọ̀ ọ́n sí. Bàbá mi fẹ́ràn Sidney Poitier ju ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ, kásẹ́ẹ̀tì For Love of Ivy wà nílé wa, Abbey ló ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, 1968 ni fíìmù náà. Nothing But a Man tó ṣe ní 1964 dáa ju ìyẹn lọ fíìfíì, ẹ wá a. Òun àti Max Roach pínyà ní 1970, ó kó lọ sí Los Angeles, orí gáréèjì ló gbé, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń tọ́jú ìyá ẹ̀. Ní 1975 òun àti Miriam Makeba wá sí Áfíríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Aminata ní Guinea, wọ́n sọ ọ́ ní Moseka ní Zaire. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìgbà tó ń gbé orí gáréèjì yẹn ló wá di akọ̀wé-orin gidi, torí kò sẹ́ni tó ń gbé orin fún un mọ́. Mo fara mọ́ ọn.

Olùdarí Akọrin, Abẹ́òkúta

Gbogbo yín kú ìtàn. Ọ̀rọ̀ Blue Monk tí àǹtí mú wá ló gbé mi jókòó. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń darí akọrin, ẹ sì mọ ìyà tó ń jẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú àwọn hímù tá a túmọ̀, orin á gòkè, ọ̀rọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ lẹ̀ ń kọ àbí ọkọ́. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Marina l'Ékòó, ti ja ìjà yìí níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Mo wá ronú pé bí Abbey bá lè jókòó ti ohùn orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kó sì wá ọ̀rọ̀ fún un, kí ló dé táwa ò lè fi Yorùbá ṣe é.

Ní alẹ́ àná mo jókòó sídìí dùùrù. Ẹ gbọ́ bí orin yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀: ohùn mẹ́rin, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ́ gun àtẹ̀gùn, àwọn mẹ́rin mìíràn á tún gòkè láti ibi tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ọ̀rọ̀ má bàa kú, àmì ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, àmì òkè á kẹ́yìn. Mo gbé "ayọ̀ ń bọ̀" sí i, ó bà jẹ́ pátápátá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó ti gòkè. Mo gbé "ìbànújẹ́" sí i. Ó wọlé wẹ́rẹ́ bíi kọ́kọ́rọ́ sínú àgádágodo, sílébù mẹ́rin fún ohùn mẹ́rin, ìsàlẹ̀ méjì, òkè méjì. Mo pe ọmọ mi kó wá gbọ́ ọ.

Ìlà kejì ló kù báyìí. Ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́rin mìíràn ni mò ń wá, tó gòkè bẹ́ẹ̀, kó má sì jẹ́ ìbànújẹ́ la tún máa wí lẹ́ẹ̀mejì. Onílù Ìbàdàn, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ àwọn oníjàálá, ẹ bá mi bi wọ́n.