Àtẹ ni, kì í ṣe ìbátan: lórí orúkọ tí a ó fún “relational database”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa pe “relational database”, àkójọ dátà tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú sínú àtẹ onílà àti òpó, ní “àkójọ dátà ìbátan”, kí a sì máa pe àṣẹ join ní “dàpọ̀”, ì báà jẹ́ nínú àkójọ dátà tàbí láàárín àwọn àṣẹ fáìlì Unix, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ.

“Ìbátan” yóò mú kí ènìyàn rò pé okùn tó so àtẹ kan mọ́ èkejì ni ó fún un lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí E. F. Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní California, gbé èrò yìí jáde lọ́dún 1970, inú ìmọ̀ ìṣirò ló ti mú “relation”, ohun tó sì pè bẹ́ẹ̀ ni àtẹ fúnra rẹ̀: àwọn ìlà tí òpó wọn bára mu, tí ìlà kan kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra kò sì já mọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ “àkójọ dátà alátẹ”. Ìyá aláta ní Ìdúmọ̀tà lè tún àtẹ rẹ̀ tò lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó kan àtàrí, ọjà orí rẹ̀ kò yí padà.

Ní ti “dàpọ̀”, gàrí funfun àti gàrí pupa là ń dà pọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún yà wọ́n. Ìlà ni join ń so mọ́ ìlà, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wọn, ohun tí a fi ń dá ìlà mọ̀ bíi nọ́ńbà oníbàárà, ti bára mu. “So pọ̀” ló tọ́ sí i.

Bí “tò” ṣe kan ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan nítòsí Balógun tí mo ń bá ṣe ìwé ọjà, fáìlì orúkọ oníbàárà wà lọ́tọ̀, ti gbèsè wà lọ́tọ̀. Oníbàárà 9 kò jẹ gbèsè, oníbàárà 10 jẹ. Mo fi sort -n, àṣẹ Unix tó ń to ìlà gẹ́gẹ́ bí iye nọ́ńbà, to fáìlì méjèèjì, mo fi join ti Unix so wọ́n, ìlà oníbàárà 10 kò jáde. Èmi ni mo ṣì í: àmì ni join ń wò, kì í wo iye, 10 sì ṣáájú 9 lójú rẹ̀ nítorí pé 1 ṣáájú 9. Nígbà tó bá 9 nínú fáìlì kan, tó bá 10 nínú èkejì, ó gbà pé 10 kò ní ẹnìkejì mọ́, ó sì fò ó. Mo yọ -n kúrò, mo tún wọn tò, gbèsè náà jáde. Nígbà tí a kó wọn sínú PostgreSQL, ètò àkójọ dátà alátẹ kan, a kò to ohunkóhun kí ó tó so wọ́n.

Fún ìdí èyí, “so pọ̀” lè ṣiṣẹ́ fún join ti àkójọ dátà àti ti Unix, bí àlàyé ti Unix bá ti sọ pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to fáìlì. Ìyàtọ̀ oríṣi títò méjèèjì ló kù. “Títò oníye” tẹ́ mi lọ́rùn fún sort -n. Fún èkejì, “títò alámì” ni mo fara mọ́ ju “títò onílẹ́tà” lọ, nítorí pé nọ́ńbà náà wà lára ohun tí à ń tò.