Láti dátábéèsì sórí kàlẹ́ńdà: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Akọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtikó ètò láti inú dátábéèsì orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú kàlẹ́ńdà fóònù, ẹ wá bá wa sọ ohun tójú yín rí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ẹgbẹ́ akọrin wa ní dátábéèsì tí akọ̀wé ń kọ gbogbo ìdánrawò sí. Ó fa fáìlì .ics (irú fáìlì tí kàlẹ́ńdà lè kà) jáde níbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa, kálukú sì gbé e wọ kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Inú wa dùn, àfìgbà tí wọ́n sún ìdánrawò ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀. Dátábéèsì gbọ́, fóònù wa ò gbọ́. Fáìlì tí èèyàn bá gbé wọlé bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà lásán ni. Kò sí nǹkan kan tó so ó pọ̀ mọ́ ibi tó ti wá mọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló lọ bá ilẹ̀kùn ní títì.

Akọ̀wé bá tún fa òmíràn jáde, a tún gbé e wọlé. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá lọ́jú pọ̀. Ìdánrawò kan di méjì: ti Ìṣẹ́gun ṣì jókòó síbẹ̀, ti Ọjọ́bọ̀ náà dé. Mo ṣí fáìlì méjèèjì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú .ics, ẹnikẹ́ni lè kà á). Ìlà tí wọ́n ń pè ní UID ni mo ń wá. Ìdánrawò kan náà ni o, àmọ́ UID inú fáìlì àkọ́kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Ohun tó ń fa fáìlì jáde ń ṣẹ̀dá UID tuntun nígbàkígbà tí akọ̀wé bá tẹ bọ́tìnì. UID sì ni kàlẹ́ńdà fi ń dá ètò mọ̀. RFC 5545 ti ọdún 2009, ìyẹn ìlànà iCalendar tí wọ́n fi ń kọ fáìlì .ics, sọ pé kò gbọdọ̀ bá ti ètò mìíràn dọ́gba níbikíbi, kò sì gbọdọ̀ yí padà.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà ìlà inú dátábéèsì ló wà nínú UID wa, bíi idanrawo-214. Wọn ìbáà sún ìdánrawò náà lọ síwájú, wọn ìbáà dá a padà, 214 ni yóò máa jẹ́. A ò fi fáìlì ránṣẹ́ mọ́, líǹkì ni kálukú ń fi sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ kó máa lọ wò ó fúnra rẹ̀. Tiyín ńkọ́?

Olùkọ́:
Ẹ̀gbọ́n, líǹkì náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún un. Kàlẹ́ńdà ló ń lọ bẹ dátábéèsì wò, ìgbà tó bá wù ú ló sì ń lọ. Google fúnra wọn kọ ọ́ síta pé àyípadà lè gbà tó wákàtí 12 kó tó hàn. Ti Apple lórí Mac máa ń jẹ́ kéèyàn yan iye ìgbà, láti ìṣẹ́jú 5 títí dé ọ̀sẹ̀ kan. A tiẹ̀ kọ REFRESH-INTERVAL sínú fáìlì, èyí tí RFC 7986 fi kún un lọ́dún 2016, pé kí kàlẹ́ńdà máa wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kàlẹ́ńdà tí èmi ń lò ò tiẹ̀ bojú wò ó. Bí àyípadà bá ti jẹ́ ti ọjọ́ náà gan-an, àtẹ̀jíṣẹ́ la máa ń fi sọ ọ́.

Atúmọ̀ èdè:
Tèmi dá yàtọ̀. Àmì ohùn ló fa tiwa. Gbogbo ètò wa ni a fi Yorùbá kọ, pẹ̀lú àmì. Lórí kọ̀ǹpútà, ó mọ́ lóló. Lórí fóònù àwọn kan, àkọlé tó bá gùn á ṣàdédé ní àmì ìbéèrè dúdú láàárín: «Ìpàdé àwọn alábòójútó ìtumọ̀ ìwé ìròyìn fún ��̀sẹ̀». A kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru fọ́ǹtì.

Ibi tó ti ń dun ni gan-an rèé. Ìlànà iCalendar ní kí ìlà kan má ju báìtì 75 lọ (báìtì ni ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀). Tó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ká a, kí ìlà tó kàn fi àlàfo kan bẹ̀rẹ̀. Báìtì ni wọ́n sọ o, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà «a» jẹ́ báìtì 1. «ọ» jẹ́ 3. Tí ẹ bá wá gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e, «ọ̀» di báìtì 5 lójú ẹ̀rọ. Ohun tó ń ká ìlà fún wa kàn ń gé e ní báìtì karùndínlọ́gọ́rin ni, ì báà bọ́ sí àárín «ọ». Kàlẹ́ńdà tó bá kọ́kọ́ so ìlà pọ̀ kó tó kà á kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ kà á ni yóò rí ìdajì lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tó fi dáa lórí ẹ̀rọ kan tó sì bàjẹ́ lórí òmíràn. Ẹni tó ń tọ́jú dátábéèsì wa ti tún un ṣe: ó ń wo ibi tí lẹ́tà parí sí kó tó gé e.

Aṣètò ìpàdé:
Ẹ má gbàgbé ọjọ́ ìparí o! Ètò ọlọ́jọ́ gbọgbọrọ láti ọjọ́ 10 sí 12, ọjọ́ 13 ni DTEND rẹ̀ (ìlà tó ń sọ ìgbà tí ètò parí) gbọ́dọ̀ jẹ́, torí wọn kì í ka ọjọ́ DTEND mọ́ ọn. Dátábéèsì wa kọ 12 síbẹ̀, àwọn àlejò sì múra láti lọ sílé ní ọjọ́ 11.

Akọrin:
Háà! Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà tó ń yí ètò padà látorí fóònù, tó sì ń padà sínú dátábéèsì?

Olùkọ́:
Líǹkì .ics ò lè ṣe ìyẹn, kíkà nìkan ló wà fún. CalDAV (ìlànà tó ń jẹ́ kí fóònù ka kàlẹ́ńdà orí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì kọ sí i) tàbí API (ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀) ni ẹ máa lò. Àwa lo API, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wá ní wèrè: dátábéèsì kọ sí kàlẹ́ńdà, kàlẹ́ńdà ní «nǹkan ti yí padà», ó kọ ọ́ padà sí dátábéèsì, dátábéèsì náà ní «nǹkan ti yí padà». Wọ́n ń jù ú síra wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tó parí ẹ̀ ni pé a ń fi àmì pamọ́ sára gbogbo ètò tí dátábéèsì bá kọ. Tí ohun tó padà wá bá bá àmì náà mu, a ò ní fọwọ́ kàn án.