"Iyèméjì" ni, kì í ṣe "rògbòdìyàn"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Òṣogbo.

Bọ̀dá tó kọ̀wé lánàá dá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta fún wa lórí ọjà ìpín ìdókòòwò: "àṣàyàn" fún ọ́pṣọ̀n, "àsansílẹ̀" fún owó tí wọ́n ń san lé e, àti "rògbòdìyàn òṣèlú" fún ohun tó ń mú kí owó náà wọ́n nígbà tí ìjọba kò bá tíì fẹnu kò lórí ètò ìlera. Wọ́n ṣeun. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ẹ̀tọ́ rírà" àti "ẹ̀tọ́ títà" ṣe kedere jù ú lọ. Èjì tó kù ni mi ò lè gbà.

Ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n kò tíì ra ìpín kankan. Ẹ̀tọ́ ló rà, láti ra ìpín náà tàbí láti tà á ní iye tí wọ́n ti jọ sọ, kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ó lè má lò ó rárá, ṣùgbọ́n owó tó san kò ní padà. Àsansílẹ̀ ńkọ́? Ara owó ọjà ni.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta àdìrẹ níbí. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù díẹ̀, oníbàárà kan ní kí wọ́n bá òun dá aṣọ mẹ́wàá dúró ní iye ọjọ́ yẹn, òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa rà á. Wọ́n ní kó mú 2,000 náírà wá. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa yọ ọ́ lára owó aṣọ. "Rárá o, ọmọ mi. Owó dúródèmí nìyẹn." Ló bá ní kí wọ́n sún un di ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ìjọba yóò ti sọ̀rọ̀ lórí owó epo. Màmá ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn, aró ṣì wà ní èékánná wọn, wọ́n ní ó ti di 5,000. "Ta ló mọ ohun tí wọ́n máa sọ?"

Owó dúródèmí náà ni owó ọ́pṣọ̀n; ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Amẹ́ríkà gan-an nìyẹn. Òfin adójútòfò ìlera tí Obama bọwọ́ lù ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2010 dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, gbogbo ayé sì ń retí ìdájọ́ ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2012. Bí òfin bá dúró, aláìsàn tó ní adójútòfò yóò pọ̀ sí i, gbèsè tí aláìsàn ń jẹ ilé ìwòsàn yóò dín kù. Bí ó bá ṣubú, gbèsè náà wà lọ́rùn wọn. Ọ́pṣọ̀n ìpín ilé ìwòsàn tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní àárín oṣù kẹfà kò kan ìdájọ́ yìí. Ti oṣù keje ló gbé e lórí, òun ló sì yẹ kó wọ́n. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kí òfin dúró. Ìpín ilé ìwòsàn gbéra sókè, ṣùgbọ́n èlé tí ìdájọ́ yẹn fi sórí owó dúródèmí kò ní ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Níbo ni rògbòdìyàn wà níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò ju òkò. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú, iyè sì di méjì. Ní oṣù keje ọdún 2017, nígbà tí wọ́n fẹ́ fa òfin kan náà ya ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àfìgbà tí Sẹ́nétọ̀ McCain na ọwọ́ jáde, tó yí àtàǹpàkò sísàlẹ̀ lóru, kí àbá náà tó ṣubú pẹ̀lú 49 sí 51.

Àǹtí kan ti ní ọkàn èèyàn ni iyèméjì ń gbé, pé ọjà kò ní ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, àwa náà la ń sọ pé ọjà gbóná, pé ọjà kú. Ẹ jẹ́ kó ṣiyèméjì náà.

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún iye tí wọ́n jọ sọ nínú ọ́pṣọ̀n yẹn. Màmá ní "iye àfẹnukò". Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.