Báwo ni mo ṣe lè gé ìran yìí kí àyà òǹwòran máa já?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí èdítìn fíìmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìran náà, ìyàwó kan ń tú àpótí ọkọ rẹ̀, ọkọ ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ìyàwó ò sì mọ̀. Mo ń gé láti ọ̀dọ̀ ìyàwó sí ti ọkọ, mo ń dín gígùn ṣọ́ọ̀tì (àwòrán tó wà láàárín gígé kan sí èkejì) kù díẹ̀díẹ̀, títí dé fírémù 12, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Síbẹ̀, kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ṣé kí n kúkú dúró pẹ́ lójú ìyàwó láìgé, kó jẹ́ ìró bàtà ọkọ nìkan la ó máa gbọ́? Orin tí olùdarí ní kí n fi sí i ńkọ́ (ariwo lásán ni, ẹ má bínú), ṣé kí n yọ ọ́?