Injiníà tó bá mi tún láptọ́ọ̀pù ṣe ti ka ìwé gbèsè ẹgbẹ́ wa, báwo ni mo ṣe máa ti fáìlì pa?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Bódìjà níbí, àwa bíi 120 ni, gbogbo ìwé ẹgbẹ́ ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, ẹni tó yá owó, ẹni tí ò tíì san, ẹni tó ṣe onídùúró fún ta ni, BVN, NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, gbogbo ẹ̀ pátá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ojú láptọ́ọ̀pù yẹn fọ́ (ẹ má bi mí pé báwo, ọmọ ló jókòó lé e), mo gbé e lọ fún injiníà kan ní Dùgbẹ̀, ó ní kí n fi sílẹ̀ di ọ̀la, kí n kọ pásíwọ̀ọ̀dù sílẹ̀ kí òun lè tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ tóun bá ṣe é tán, mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní "Mummy, ṣé ẹ ò lè yá èmi náà ní ₦200,000 bíi ti alága yín ni?" Ẹ gbà mí o! Iye tí alága yá yẹn, ìyàwó ẹ̀ gan-an ò mọ̀ sí i. Mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà.

Láptọ́ọ̀pù náà ò tíì pé ọdún méjì, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi tò ó kó tó lọ sí Kánádà. Wọ́n ní nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní BitLocker, òmíràn ń jẹ́ VeraCrypt, pé wọ́n máa ń lọ fáìlì pọ̀ mọ́ra tí ẹni tí ò ní pásíwọ̀ọ̀dù ò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Èwo ni kí n lò? Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò ní bàjẹ́? Tí èmi fúnra mi bá wá gbàgbé pásíwọ̀ọ̀dù ńkọ́, torí mo mọ ara mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Mummy kò le tó bẹ́ẹ̀ jàre. Ẹ right-click fóódà yẹn, ẹ lọ sí Properties, ẹ mú Hidden. Ó parí.

Injiníà Kuìnì
@Ọmọ Mọ́kọ́lá ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń pè ní títì, owó lo fi ẹní bò yẹn, ẹni tó bá gbálẹ̀ máa rí i.

Mà, ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o, Kuìnì Sínímà ni ìsọ̀ tèmi wà, iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi tẹnìkan bínú sí gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Pásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ fi ń wọ Windows, ẹnu ọ̀nà Windows nìkan ló ń ṣọ́. Tí kò bá sí nǹkan mìíràn lórí ẹ̀, tí mo bá tú ìdè ẹ̀yìn, tí mo yọ disk yẹn, tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, gbogbo fáìlì yín ló máa jáde síta, mi ò ní bi yín ní pásíwọ̀ọ̀dù kankan, kò dẹ̀ ní tó ogún ìṣẹ́jú. Encryption lohun tó máa jẹ́ kí n yọ disk yẹn kí n má rí nǹkan kan àfi wúruwùru. BitLocker ń ṣe é, VeraCrypt ń ṣe é, Mac ní tiẹ̀ tó ń jẹ́ FileVault.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ rèé mà. Ẹ̀yin lẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ká tiẹ̀ ní BitLocker wà lórí ẹ̀, pásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù ti ṣí i fún un. Èyí tó ń ti gbogbo disk pa, tìtorí olè ni, tàbí tẹ́ ẹ bá gbàgbé láptọ́ọ̀pù sínú tákísì Máíkírà. Èèyàn tí ẹ fọwọ́ ara yín mú wọlé, ọ̀tọ̀ ni nǹkan tí ẹ máa fi ṣọ́ ọ.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kí wá ni nǹkan ọ̀tọ̀ yẹn?

Bàbá Bẹẹrẹ
Sé ẹ̀yin ọmọ yìí ò gbọ́ TrueCrypt rí ni? Èmi láti ayé Windows XP ni mo ti ń lò ó, kò sí nnkan tó se é. Gbogbo ìwé ilẹ̀ bàbá mi ni mo yà ní fọ́tò tí mo kó síbẹ̀. Ẹ lọ wá TrueCrypt, ẹ ye da ọkàn obìnrin yẹn láàmú.

Dẹ́fù Agbówó
Bàbá, ẹ kúrò lórí TrueCrypt, ẹ dákun. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì láti May 2014, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ síta pé ó lè ní ìṣòro ààbò tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe. VeraCrypt yẹn gan-an inú kóòdù ẹ̀ ló ti jáde, ilé iṣẹ́ kan ní Faransé tó ń jẹ́ IDRIX ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2013, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tún gbọ́ o, VeraCrypt tuntun ò lè ṣí ti TrueCrypt mọ́, láti 1.26 ni wọ́n ti yọ ọ́. 1.25.9 lẹ máa wá, ẹ fi ṣí i, ẹ kó ìwé ilẹ̀ yẹn jáde, ẹ wá kó o sínú tuntun.

Mà, ohun tí injiníà ń sọ nìyí. VeraCrypt lè ṣe fáìlì kan fún yín tó dà bí àpótí, container ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ Create Volume, ẹ mú ti container, ẹ sọ ibi tó máa wà àti bó ṣe máa tóbi tó, ìwé ẹgbẹ́ yín ò lè ju 3GB lọ, ibi tó ti ń sọ AES (ọ̀nà tó fi ń ti fáìlì pa nìyẹn) ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ fi pásíwọ̀ọ̀dù sí i, ó máa ní kí ẹ máa ti máòsì síwá sẹ́yìn (ẹ máa tì í dáadáa, kì í ṣe eré, ibẹ̀ ló ti ń kó nǹkan tó fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́). Ó tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ mount ẹ̀, ó máa jáde bíi pé ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ṣiṣẹ́ yín, tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ tú u kúrò. Tó bá ti wà ní títú, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù fún injiníà, ẹ fún un ní pásíwọ̀ọ̀dù Windows, fáìlì ràgàjì kan tí kò lè ṣí ló máa rí. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé tí ẹ ò tú u, tí ẹ kàn pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, ó lè ṣì wà ní ṣíṣí o.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀
Ẹ máa ṣe é ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kó fọ́tò ìkómọ àwọn ìbejì mi sínú VeraCrypt yìí, gbogbo ẹ̀, àti ti ìgbéyàwó, mo fi pásíwọ̀ọ̀dù gígùn kan sí i, mo rò pé mi ò lè gbàgbé láyé. Oṣù mẹ́ta péré. Kò sí "forgot password" níbẹ̀ o, kò sí ẹni tí ẹ máa pè, kò sí OTP tó máa wá sórí fóònù. Ẹnì kan gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi pé òun máa ṣí i, ó ní òun ní sọ́fítíwíà láti Chínà. Mò ń retí ẹ̀ títí dòní. Àwọn ìbejì ti wọ pámárì.

Injiníà Kuìnì
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹni tó bá gba owó pé òun máa já AES tí ẹni tó ni ín gan-an ò rántí nǹkan kan nínú pásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá rántí bíi ìdajì ẹ̀, ìyẹn ṣì lọ́rọ̀.

Ti NEPA, ẹ má bẹ̀rù jù, láptọ́ọ̀pù yín ní bátìrì. BitLocker tí iná bá lọ bá lẹ́nu iṣẹ́, ibi tó bá dé ló ti máa ń tẹ̀ síwájú. Ti VeraCrypt, fáìlì tí ẹ ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́ ló lè bàjẹ́, bó ṣe lè bàjẹ́ lórí disk yòówù. Ohun tó ń pa èèyàn níbẹ̀ ni iwájú container yẹn, header, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ fúnra ẹ̀ wà, tí ibẹ̀ bá bàjẹ́ pásíwọ̀ọ̀dù tó pé gan-an lè má ṣí i mọ́. Ẹ lọ sí Tools, ẹ mú Backup Volume Header, ẹ tọ́jú fáìlì kékeré yẹn síbòmíràn. Mo tún ti rí àwọn tó ń já fláàṣì gbà bí ẹni fa iṣu tu, ìyẹn burú ju NEPA lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Tí mo bá gbé container yẹn sórí fláàṣì ńkọ́? Mo gbìyànjú ẹ̀ báyìí pẹ̀lú 8GB, ó ní kò gbà.

Dẹ́fù Agbówó
FAT32 ni fláàṣì ẹ, ètò àtijọ́ tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí fláàṣì nìyẹn. Fáìlì tó bá tó 4GB, kò lè gbé e. Format ẹ̀ sí exFAT, kó nǹkan inú ẹ̀ kúrò kó o tó ṣe é o.

Lọ́yà Ring Road
Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi tí ẹ ò dé. BVN àti NIN ọlọ́mọ-ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ yín. Òfin ìdáàbòbò détà Nàìjíríà, tí ààrẹ buwọ́ lù ní 12 June 2023, sọ pé ẹni tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, ó tiẹ̀ dárúkọ encryption. Tó bá dẹ̀ jò síta lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, 72 wákàtí lẹ ní láti jẹ́ kí Kọmíṣọ́ọ̀nù tó ń rí sí òfin yìí gbọ́. Ṣé ẹ ti sọ fún ìgbìmọ̀ yín?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Mi ò tíì sọ o. Alága ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e dé iwájú ẹ̀...

Lọ́yà Ring Road
Ẹ lọ bá a nílé kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Injiníà yẹn ò lè ṣe kó má sọ ọ́.

Dẹ́fù Agbówó
Mà, nǹkan kan ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ní kò tíì pé ọdún méjì, Windows 11. Àwọn Windows 11 tuntun, láti ẹ̀dà tí wọ́n ń pè ní 24H2 tó jáde ní 2024, tí wọ́n bá tò ó pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, ó máa ń ti disk pa fúnra ẹ̀, kì í bi èèyàn, kódà Windows Home tó wà lórí láptọ́ọ̀pù lásán. Ẹ tẹ cmd síbi ìwádìí, ẹ right-click ẹ̀, ẹ mú Run as administrator, kẹ́ ẹ wá kọ manage-bde -status. Kí ló kọ síwájú C?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ó kọ Percentage Encrypted 100%. Ó tún kọ Protection On. Ṣé kò sí wàhálà?

Dẹ́fù Agbówó
Wàhálà wà díẹ̀. Ó ti wà ní títì látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á, tí ẹ ò mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìrànwọ́ ẹ̀, nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 48, inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó tò ó ni Windows fi í sí. Email ta ni?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Tó wà ní Kánádà.

Injiníà Kuìnì
Háà. Èyí gan-an ló ń mú àwọn èèyàn sunkún ní ìsọ̀ mi. Láptọ́ọ̀pù á kàn ṣe update BIOS (sọ́fítíwíà tó ń jí láptọ́ọ̀pù), tàbí ká pààrọ̀ bọ́ọ̀dù ẹ̀, ojú ìwé búlúù á jáde, á ní kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà 48 yẹn, pásíwọ̀ọ̀dù Windows ò ní gbà yín níbẹ̀. Tí ẹni tó tò ó bá ti gbàgbé email yẹn, fáìlì ti lọ. Mà, Ọlọ́run ló yọ yín pé ojú rẹ̀ ló fọ́, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù ni!

Dẹ́fù Agbówó
Ẹ má pe Kánádà rárá, ó ṣì ń ṣí fún yín báyìí. Ní ojú dúdú kan náà yẹn ẹ kọ manage-bde -protectors -get C: nọ́ńbà yẹn máa jáde. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Mo ti kọ ọ́! Mo fi sínú báàgì láptọ́ọ̀pù kí n má baà máa wá a kiri.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀
MUMMY!!! 😂😂 Ẹ tún fẹ́ fún olè ní ilé àti kọ́kọ́rọ́ pa pọ̀. Ibi tí ìwé ilẹ̀ wà ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ tún fi ọ̀kan sínú àpò ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kẹ́ ẹ fún akápò yín. Pásíwọ̀ọ̀dù VeraCrypt náà, bákan náà. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní sọ fọ́tò nù.

Dẹ́fù Agbówó
Ti pásíwọ̀ọ̀dù yẹn, ẹ má fi oríkì yín ṣe é, gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n, ẹ má fi òwe ṣe é. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Yorùbá márùn-ún mẹ́fà tí kò bára mu, bíi ẹni tó ṣí ìwé ní oríṣiríṣi ojú ewé tó ń nàka sí i, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra, kí ó ju lẹ́tà 20 lọ. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi ṣí i lọ́la lè má ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ní ẹ̀dà lórí Google Drive, container yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Ṣùgbọ́n VeraCrypt kì í yí déètì container padà tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, Drive á rò pé kò sí nǹkan tuntun, kò ní gbé e. Ẹ lọ sínú Preferences, ẹ yọ àmì níbi tó ti ń sọ Preserve modification timestamp. Èmi fúnra mi jìyà ìyẹn fún oṣù méjì kí n tó mọ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ti ṣe é, 3GB, mo ti kó ìwé ẹgbẹ́ sínú ẹ̀, mo ti pa àwọn ti ìta rẹ́, mo dẹ̀ ti da Recycle Bin nù. Akápò ti gba àpò ìwé, ó ń bi mí bóyá owó ló wà nínú ẹ̀. Tí mo bá tún ń lọ sọ́dọ̀ injiníà ńkọ́, kí ni mo máa fún un?

Injiníà Kuìnì
Ẹ dá àkáǹtì kejì sílẹ̀ lórí Windows, ẹ má fún un lágbára admin, ẹ pè é ní Test. Òun lẹ máa fún wa. Èyí tó bá ta kú pé àfi ti yín gangan lòun fẹ́ láti pààrọ̀ gíláàsì, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín kúrò níbẹ̀.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù
Ó yé mi. Mo ń lọ sílé alága nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ bá mi gbàdúrà.

Bàbá Bẹẹrẹ
@Dẹ́fù Agbówó mo ti rí 1.25.9 yẹn gbà o. Ó wá ń bèèrè pásíwọ̀ọ̀dù tí mo fi sí i ní 2011. Ẹ jẹ́ n lọ jí ìyàwó mi.